Ológò A Máa Dìde Lọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Àṣìṣe Inú Àkọsílẹ̀ Gbèsè

Láti Ìpetumodù, ìlú àwọn amọ̀kòkò, ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ohùn, orúkọ, òwe àti gírámà ni ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń wá kà níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sá. Bí a bá tú u dé ìdí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọ̀rọ̀ èdè náà ni.

Àwọn àgbà wa ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Ẹgbẹ̀fà ni igba owó ẹyọ lọ́nà mẹ́fà. Ohun tí òwe yìí ń sọ ni pé ìwà tí ènìyàn hù sí gbèsè àná ni yóò pinnu bóyá wọn yóò tún yá a lówó lọ́la. Gbogbo ohun tí àwọn báńkì òde òní ń fi kọ̀ǹpútà ṣe nígbà tí wọ́n bá ń wo àkọsílẹ̀ gbèsè oníbàárà, àwọn baba wa ti sọ ọ́ sínú gbólóhùn kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí òwe náà dáadáa. Ẹni tí kò san gbèsè ni ó bẹ́gi dí ọ̀nà ara rẹ̀. Ẹni tó san ńkọ́? Ẹni tí kò tilẹ̀ yá kọ́bọ̀ rí ńkọ́, tó dé ojú ọ̀nà tó bá igi ńlá tí ẹlòmíràn gé sílẹ̀ de ẹsẹ̀ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Èrò mi ni pé ẹni tó bá kọ orúkọ ènìyàn sínú ìwé gbèsè ní àṣìṣe ni ó gbọ́dọ̀ gbé igi náà kúrò, kò sì yẹ kí a di ìyà ṣíṣe àtúnṣe náà ru ẹni tí a ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè, nítorí pé ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún gbèsè, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Bí mo bá gba ọkọ́ aládùúgbò mi lo, tí mo sì dá ọkọ́ náà gan-an padà, yíyá ni mo yá a. Bí mo bá gba iyọ̀ tí mo sè é jẹ, tí mo sì fi irú rẹ̀ san án padà, wínwín ni mo wín in. Owó gba ọ̀rọ̀ méjèèjì. Bí mo bá kó ọjà láìsan owó lójú ẹsẹ̀, àwìn ni mo rà. Ẹni tó bá dúró fún mi ni onídùúró. Owó tó ń gun orí owó ni èlé. Ẹni tí gbèsè bá bò mọ́lẹ̀ tí kò sì rí ọ̀nà àbáyọ ni a ń sọ pé ó wọko gbèsè.

Ọ̀rọ̀ ìṣe kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wò dáadáa: jẹ gbèsè. Bí mo bá sọ pé “Ó jẹ gbèsè,” ẹ kò lè mọ̀ láti ara gbólóhùn náà nìkan bóyá ó ṣì wà nínú gbèsè náà tàbí ó ti bọ́. Ọ̀rọ̀ ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí àkókò. Àwọn wúnrẹ̀n kéékèèké ni ń bá wa là á: ó ṣì jẹ gbèsè, ó jẹ gbèsè rí, ó ti san gbèsè tó jẹ. Ọ̀rọ̀ kékeré náà, rí, ni ó ya ẹni tó ti san kúrò lára ẹni tí kò san. Èyí tó pọ̀ nínú àṣìṣe tí à ń wí yìí kò ju pé akọ̀wé kan fo rí. Ènìyàn jẹ gbèsè ní tòótọ́, ó san án, ṣùgbọ́n ìwé ń sọ títí di òní pé ó jẹ gbèsè, ó dákẹ́ síbẹ̀.

Ìyàtọ̀ kejì tí a kò gbọdọ̀ fojú fò ni èyí tó wà láàárín jíjẹ gbèsè àti kí ilé-ẹjọ́ kéde pé ènìyàn ti wọko gbèsè. Ní Nàìjíríà, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1979, tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 1992, ni ó ń darí ìkéde bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ni ó ní agbára láti ṣe é. Báńkì kò lè jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ kí ó kéde rẹ̀, agbowó-gbèsè kò sì lè fi ẹnu sọ ènìyàn dà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi sọ pé ẹni tí a bá ti kéde báyìí, tí ilé-ẹjọ́ kò sì tíì tú sílẹ̀, kò lè díje fún ipò ààrẹ, gómìnà tàbí aṣòfin. Nítorí náà, bí akọ̀wé kan bá fi ọ̀rọ̀ yìí sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni tó kàn pẹ́ díẹ̀ kó tó san owó, àṣìṣe ọ̀hún ti kọjá ti kálàmù. Ó ti fi oyè tí ilé-ẹjọ́ nìkan lè fúnni jẹ ẹnìkan ní oyè burúkú.

Báwo ni àwọn baba wa ṣe ń gba gbèsè? Ìyà wà níbẹ̀, n kò ní pa irọ́ fún yín. Wọ́n ń fi ọmọ àti ara wọn ṣe ìwọ̀fà, tí ìwọ̀fà yóò máa fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ san èlé títí olówó yóò fi rí owó rẹ̀ gbà. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn tó ń dógò ti onígbèsè. Ológò yóò wọ agbo ilé, yóò jókòó, yóò máa pàṣẹ oúnjẹ, yóò máa sọ̀rọ̀ kòbákùngbé, yóò sì máa mú adìyẹ àti ewúrẹ́ tó bá kọjá níwájú rẹ̀, títí ara yóò fi ni gbogbo ẹbí tí wọn yóò sì dá owó náà jọ. Lẹ́yìn èyí ni àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn kiri ilẹ̀ Yorùbá tún gba orúkọ Òṣómàáló, nítorí pé wọn yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà oníbàárà, wọn kò sì ní nàró àfi tí wọ́n bá gba owó wọn.

Kò sí ẹni tí yóò fẹ́ kí ìyẹn padà wá. Síbẹ̀, ohun kan wà nínú àṣà náà tí a sọ nù, tí kò sì yẹ kí ó sọ nù. Gbogbo àdúgbò ni wọ́n rí ológò nígbà tó jókòó, gbogbo àdúgbò náà ni wọ́n sì rí i nígbà tó dìde. Bí owó bá ti pé, ológò a máa dìde lọ. Dídìde rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí onígbèsè. Bí ó bá sì ṣi ilé wọ̀, tó lọ jókòó sí ilé ẹni tí kò jẹ gbèsè, baálé ilé yóò bi í léèrè ojúkojú: ta ni ó rán ọ? Gbèsè èwo? Ìgbà wo? Ta ni ẹlẹ́rìí? Àwọn ìbéèrè náà kò ní pẹ́ kó tó dé etí ìjòyè tàbí olórí ẹbí, ọ̀rọ̀ náà yóò sì yanjú níṣojú gbogbo ayé.

Ológò òde òní kò ní ara. Inú kọ̀ǹpútà ni ó ń gbé. Ó lè jókòó ti orúkọ rẹ fún ọdún mẹ́wàá láìjẹ́ pé o mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, bí owó bá sì tán, kì í dá dìde fúnra rẹ̀. Àfi kí ẹnìkan gbé e dìde.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ ní ilẹ̀ wa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lórí àwọn rárá. Ní ọdún 2008 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà jáde fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí yóò máa ṣe àkọsílẹ̀ gbèsè. Mẹ́ta tí a mọ̀ jù nínú wọn ni CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Àwọn báńkì àti àwọn ayánilówó mìíràn ni wọ́n ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí wọn: orúkọ ẹni tó yáwó, iye tó yá, iye tó kù, bóyá ó ń san bó ti yẹ. Bí o bá tún lọ yáwó níbòmíràn, ìwé yìí ni wọn yóò kọ́kọ́ bèèrè. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2014 ni nọ́ńbà BVN bẹ̀rẹ̀, tó fi ìtẹ̀ka so gbogbo àkáǹtì ènìyàn kan pọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ sì ti fún àwọn ayánilówó ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà yọ gbèsè tí ènìyàn kò san láti inú àkáǹtì rẹ̀ tó wà ní báńkì mìíràn.

Ẹ rí i bí nǹkan ṣe yí padà. Nígbà kan rí, àṣìṣe inú ìwé kò lè ju pé wọn yóò kọ̀ láti yá ọ lówó. Ní báyìí, àṣìṣe lè na ọwọ́ wọ inú àpò rẹ. Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo.

Ẹ fi ojú inú wo tíṣà kan ní Ìpetumodù níhìn-ín, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì. Ó fẹ́ yá owó díẹ̀ láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé. Báńkì wo ìwé, wọ́n ní gbèsè kan wà lọ́rùn rẹ̀ láti ọdún 2012 tí kò san. Ó ní òun san án tán, inú owó oṣù òun ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Wọ́n ní kí ó lọ bá ẹni tó yá a lówó nígbà náà. Ó dé ibẹ̀, wọ́n ní kí ó lọ bá àwọn tó ń ṣe àkọsílẹ̀. Ó bèèrè ibi tí wọ́n wà, wọ́n ní Èkó. Owó ọkọ̀ láti Ìpetumodù dé Èkó àti owó tí yóò fi padà, inú owó ìfẹ̀yìntì ni yóò ti jáde. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, tó sì jókòó sílé, àṣìṣe náà ti di òtítọ́ nìyẹn, nítorí pé kò sí ẹni tó jà á níyàn. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló wá di ẹni tó ń rojọ́.

Kí ló ń fa irú àṣìṣe yìí? Gbèsè tí a ti san tí ayánilówó kò ròyìn pé a ti san án jẹ́ ọ̀kan. Ìdí kejì ni ó kan èmi àti ẹ̀yin tí a ń kọ́ èdè jù: orúkọ. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í wo ilé. Bámidélé, Ayọ̀délé, Oyèdélé àti Akindélé, gbogbo wọn lè di Dele lórí ìwé. Adéṣínà kan náà lè jẹ́ Adesina ní báńkì yìí, kí ó jẹ́ Adeshina ní báńkì kejì. Ọ̀pọ̀ orúkọ wa ni tọkùnrin tobìnrin ń jẹ́, nítorí náà Abíọ́dún lórí ìwé kò sọ fún akọ̀wé bóyá ìyá ni tàbí baba. Obìnrin a sì tún máa pààrọ̀ orúkọ bó bá lọ sílé ọkọ.

Ẹ wá wo ti àwọn ìbejì. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Táíwò àti Kẹ́hìndé, àìmọye ènìyàn ni wọ́n sì ń jẹ́ ẹ. Àwọn ìbejì méjì ní orúkọ ìdílé kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà àti ilé kan náà. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ń wò láti fi ya ènìyàn sọ́tọ̀ ni wọ́n fi jọra. Àwa Yorùbá sì ni ayé mọ̀ sí ẹ̀yà tí ìbejì pọ̀ sí jù. Bí Táíwò bá jẹ gbèsè kí BVN tó dé, kò yẹ kó yani lẹ́nu bí Kẹ́hìndé bá bá gbèsè náà lọ́rùn ara rẹ̀. Ọ̀nà ìkọ̀wé tí kò bọ̀wọ̀ fún orúkọ wa, tó ń já àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ dànù, tó ń gé orúkọ nítorí pé àlàfo orí fọ́ọ̀mù kò tó, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti àṣìṣe gbèsè.

Ẹ má rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2011, ọkùnrin kan lọ ra ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ California, ní Amẹ́ríkà. Àwọn olùtà wo ìwé tí ilé-iṣẹ́ TransUnion ṣe lórí rẹ̀, wọ́n sì rí i kà pé orúkọ rẹ̀ bá orúkọ kan mu lára àwọn afẹ̀míṣòfò àti oníṣòwò oògùn olóró tí ìjọba Amẹ́ríkà kà léèwọ̀. Wọn kò ta ọkọ̀ fún un. Orúkọ àbísọ àti orúkọ ìdílé nìkan ni ilé-iṣẹ́ náà fi ń ṣe ìfiwéra. Wọn kò wo ọjọ́ ìbí. Ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ níbẹ̀, wọ́n sì dá a ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ènìyàn 8,185 ni ẹjọ́ náà kàn, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ sọ pé àwọn 1,853 tí ilé-iṣẹ́ náà ti fi ìwé wọn ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn nìkan ni wọ́n lè gba owó ìtánràn. Èmi kò fara mọ́ gbogbo ohun tí ìdájọ́ náà sọ. Bí ológò bá ti jókòó sínú ọgbà mi, ṣé dandan ni kí aládùúgbò rí i kí n tó lè bínú?

Ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, ìkéde wíwọko gbèsè wọ́pọ̀ ju tiwa lọ, àṣìṣe tó rọ̀ mọ́ ọn sì wọ́pọ̀. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1970 gbà kí ìkéde bẹ́ẹ̀ wà lórí ìwé fún ọdún 10. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́fà ni. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni pé ilé-ẹjọ́ ti tú ènìyàn sílẹ̀, gbèsè tó wà nínú ẹjọ́ náà ti tán lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n ayánilówó ṣì ń kọ ọ́ pé owó kù, tàbí ìkéde náà ń bẹ lórí ìwé lẹ́yìn tí ọdún rẹ̀ ti pé, tàbí kí ó bọ́ sórí ìwé ẹni tó kàn bá onígbèsè jẹ́ orúkọ kan náà. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò ṣe ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2013: nínú ènìyàn márùn-ún, ó kéré tán ẹnìkan ní àṣìṣe lórí ọ̀kan nínú àwọn ìwé rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ níbi tí ọ̀nà àtúnṣe ti wà fún ohun tó lé ní 40 ọdún nígbà náà, ẹ fúnra yín lè ro ohun tó lè wà lórí tiwa.

Kí ni kí ẹni tó bá bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe? Òfin wà tó gbè é. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Credit Reporting Act. Òfin náà fún ọ ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà ìwé rẹ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó sì fún ọ ní ẹ̀tọ́ láti jiyàn ohun tí kò tọ̀nà níbẹ̀. Òfin ààbò ìròyìn ara ẹni tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 tún fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí ìròyìn kan wà lórí rẹ̀ lè ní kí wọ́n tún èyí tó jẹ́ àṣìṣe ṣe.

Nítorí náà, lákọ̀ọ́kọ́, gba ẹ̀dà ìwé rẹ lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé ohun tó wà lọ́dọ̀ ọ̀kan lè má sí lọ́dọ̀ èkejì. Èkejì, kà á bí ẹni ń ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́: orúkọ, ọjọ́ ìbí, BVN, iye owó, ọjọ́ tí a yá a, ọjọ́ tí a san án tán. Ẹ̀kẹta, kọ lẹ́tà sí ẹni tó yá ọ lówó àti sí ilé-iṣẹ́ alákọsílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnìkan má baà tì ọ́ sí ẹnìkejì. Sọ ìlà tó jẹ́ àṣìṣe, sọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, kí o sì so ẹ̀rí mọ́ ọn. Ìwé tó ń sọ pé gbèsè ti tán ni ẹ̀rí tó dára jù. Bó o bá ń san gbèsè tán lónìí, má kúrò níbẹ̀ láìgbà á. Ẹ̀kẹrin, fi ẹ̀dà lẹ́tà rẹ pamọ́, kí o sì tún gba ìwé tuntun láti rí i pé àtúnṣe náà wọlé. Bí wọn kò bá dá ọ lóhùn, ẹ̀ka ìdáàbòbò oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀ wà fún ọ̀rọ̀ báńkì, àjọ FCCPC wà fún àwọn ayánilówó orí fóònù, àjọ NDPC sì wà fún ọ̀rọ̀ ìròyìn ara ẹni.

Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin sábà máa ń fún ilé-iṣẹ́ alákọsílẹ̀ láti wádìí ohun tí ẹ bá jiyàn lé lórí. Bí ó bá jẹ́ ìkéde wíwọko gbèsè ni, ìwé ilé-ẹjọ́ tó tú yín sílẹ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá kọ̀ láti yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, òfin gbà yín láyè láti fi àlàyé tiyín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí kò gbọdọ̀ ju 200 ọ̀rọ̀ lọ. Mo fẹ́ràn ìlànà yìí gan-an. Ó gbà pé ẹni tí a kọ ìwé lé lórí náà ní ẹnu.

Àwọn kan yóò sọ pé, “Tíṣà, àwọn onígbèsè gbáà ni wọn yóò fi ọ̀rọ̀ yìí bojú. Gbogbo ẹni tó jẹ gbèsè ni yóò máa pariwo àṣìṣe.” Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé sísé gbèsè ni iṣẹ́ wọn, bí a kò bá sì rí owó tí a yáni gbà padà, kò sí ẹni tí yóò yá tálákà lówó mọ́. N kò sọ pé kí a fọ́ ìwé gbèsè. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwé tó péye ni ayánilówó fúnra rẹ̀ nílò jù. Báńkì tó lé tíṣà tó ń san gbèsè déédéé padà nítorí àṣìṣe ti pàdánù oníbàárà rere. Bí irọ́ bá sì pọ̀ nínú ìwé, kò ní pẹ́ tí kò fi ní sí ẹni tí yóò ka ìwé náà sí nǹkan kan.

Ẹ ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá fi ọ̀rọ̀ gbèsè sílẹ̀ láìsí ìjánu. Àwọn ayánilówó orí fóònù kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù onígbèsè, wọ́n ń pe ènìyàn ní olè lójú ìyá ìyàwó rẹ̀ àti ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA bu owó ìtánràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lu ilé-iṣẹ́ Soko Lending nítorí pé ó tẹ ẹ̀tọ́ àṣírí àwọn ènìyàn lójú. Ní ọdún 2022, FCCPC gbé ìlànà jáde tí irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi forúkọ sílẹ̀. Ológò ìgbà àtijọ́ kò lè wọ ju agbo ilé kan lọ lójúmọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ibí ni iṣẹ́ tiwa wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ òfin ọdún 2017, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé gbèsè náà. Bí ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Ìpetumodù bá yá owó, tí wọ́n sì kọ ọ́ ní àṣìṣe, ẹ̀tọ́ tó ní láti kà á wà ní èdè tí kò gbọ́. A nílò ọ̀rọ̀ tó dúró ṣinṣin. Àkọsílẹ̀ gbèsè ni mo lò láti òkè wá. Ẹnìkan dábàá ìyáwó fún owó yíyá, ṣùgbọ́n ẹ ro ohun tí àwọn tí kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ yóò kà! Fún ìkéde ilé-ẹjọ́, mo fara mọ́ ìkéde wíwọko gbèsè, kí a má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó fún ẹni tó kàn pẹ́ san owó. Fún ẹni tó ti san, kí a kọ ọ́ pé ó jẹ gbèsè rí, ó ti san án. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kúrú tó, síbẹ̀ orúkọ ènìyàn wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Kí ayánilówó tó gba owó rẹ̀ tán máa ròyìn rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé oníbàárà bẹ̀ ẹ́. Kí ẹni tó bá fi àṣìṣe ránṣẹ́ fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí àṣìṣe náà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ alákọsílẹ̀ sì ní ìwé àlàyé ní èdè Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò, ní ẹ̀ka báńkì tó wà ní ìlú kéékèèké bí tiwa.

Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Lọ́dún yìí, kí ó tó di pé o nílò owó, bèèrè ìwé rẹ kí o sì kà á. Bá bàbá àti ìyá rẹ kà tiwọn náà. Bí o bá bá ológò níbẹ̀ tí owó rẹ̀ ti pé, tàbí tó ṣi ilé wọ̀, má bínú jókòó. Sọ fún un kí ó dìde.

Ire o. Ó di ìgbà mìíràn.